Irin Ìgbáralé fún Abọ́ Igi Tó Jìn: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Ṣe É

Gbogbo Yorùbá ló mọ òwe tó sọ pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Sókótó ni òwe yìí ń pa lẹ́rìn-ín jù, nítorí pé ibi tí àwọn yòókù ń wá nǹkan lọ ni àwa ń gbé. Ẹ̀kọ́ wa lónìí bá òwe náà mu. Ẹni tó bá fẹ́ fi léètì gbẹ́ abọ́ igi tó jìn nílò irin kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́jà. Bó bá ránṣẹ́ sí òkè òkun, owó rẹ̀ á ga, á sì pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é fún un, bí òun fúnra rẹ̀ bá mọ ohun tó yẹ kó ní kí wọ́n ṣe.

Ìdí méjì ni a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé, iṣẹ́ yíyí igi sì wà lára èyí tó ń mú owó wọlé: ẹsẹ̀ àga, òpó ibùsùn, abọ́, àwo àti fìlà ìdérí. Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Inú abọ́ tó jìn ni ibi tí léètì ti máa ń ṣe ènìyàn léṣe. Bí irin ìgbáralé bá jìnnà sí ibi tí a ń gé, igi lè já irinṣẹ́ gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Ìka tó bá lọ kì í padà hù.

1. Kí ni irin ìgbáralé?

Léètì ni ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fi irin gbẹ́ ẹ di róbótó. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, nínú ibojì Petosiris tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, àwòrán kan wà lára ògiri tó fi àwọn méjì hàn nídìí iṣẹ́ yìí: ọ̀kan ń fa okùn kí igi lè máa yí, èkejì di irin mú, ó ń gbẹ́ ẹ. Iná mànàmáná ló ń fa tiwa lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ni.

Ẹni tó ń gbẹ́ igi lórí léètì kò lè fi ọwọ́ lásán gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dúró sí afẹ́fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbé e lé nǹkan. Ọ̀pá irin tó dúró níwájú igi, tí a ń gbé irinṣẹ́ lé, ni a pè ní irin ìgbáralé. Ó ní ẹsẹ̀ róbótó kan tó wọnú ihò lára ìdí irin tó wà lórí léètì. A lè gbé e sókè, a lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a sì lè yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì kí a tó fi bóòtì dè é pinpin.

Irinṣẹ́ méjì ni a ó máa dárúkọ. Ọ̀kan ni gọ́ọ̀jì, irin gígùn tó ní kòtò gbọọrọ láàrin bí ọparun tí a là sí méjì. Òun ni a fi ń gé. Èkejì ni irin ìfági, tó pẹlẹbẹ, tí a fi ń fá inú abọ́ kó dán.

2. Ohun tó yàtọ̀ sí iṣẹ́ àwọn baba wa

Àwa tí a dàgbà sí Sókótó mọ akushi, abọ́ igi àwọn Hausa, a sì mọ gizago tí masassaƙi fi ń gbẹ́ ẹ, irinṣẹ́ tí ojú rẹ̀ dà bí ọkọ́ kékeré. Irú irinṣẹ́ yìí náà ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá ń lò fún odó, ọpọ́n Ifá àti ọpọ́n ayò. Nínú iṣẹ́ wọn, igi ló dúró, irin ló ń rìn. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ló mọ ìgbà tí òun fẹ́ sọ irin sílẹ̀, òun náà ló mọ ìwọ̀n agbára tí òun fẹ́ lò.

Ibi tí ọgbọ́n yìí lè gbé ènìyàn dé, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ fi hàn wá. Èkìtì ni ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọba, ó sì kú ní ọdún 1938. Ní nǹkan bí ọdún 1925 ó gbẹ́ abọ́ kan tí àwọn ère ènìyàn gbé lérí, tó wà báyìí ní ilé ìkóhun-ọnà-sí ti Smithsonian ní Washington. Láàrin àwọn ère tó gbé abọ́ náà, orí ènìyàn kan wà tí ó ń yí gbirigbiri níbẹ̀ tí kò sì lè jáde. Ara igi kan náà ni ó ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ó ṣe fi irin dé ibi tí ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dé, tí kò ba ohun tó yí i ká jẹ́, yẹ kó ya gbogbo wa lẹ́nu.

Lórí léètì, ọ̀rọ̀ yí padà: igi ló ń rìn, irin ló dúró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti etí dé etí, bó bá ń yí ní ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 34 ní wákàtí kan. Eré alùpùpù láàrin ìlú nìyẹn. Bí irin bá kọ́ igi nírú eré bẹ́ẹ̀, igi kò ní dúró bèèrè ohun tí a fẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lo gizago kò fi nílò irin ìgbáralé, tí ẹni tó ń lo léètì kò sì lè ṣe láìsí i.

3. Kí ló dé tí jíjìn abọ́ fi jẹ́ wàhálà?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Irin ìgbáralé tó tọ́, tí a bá léètì rà, kò wọ inú abọ́. Ẹnu abọ́ ló máa dúró sí. Bí a bá ṣe ń gbẹ́ ẹ wọlé sí i, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ wa ń yọ síwájú sí i kọjá ibi tí a gbé e lé.

Ẹ gbé garawa omi kan mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí ẹ na apá yín tààrà síwájú pẹ̀lú garawa náà. Omi kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irinṣẹ́ ṣe ń rí lọ́wọ́. Ká sọ pé láti ẹnu irin dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀yìn wa dì mú lára èèkù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, kí igi sì máa tẹ ẹnu irin wálẹ̀ pẹ̀lú agbára kílò 10. Agbára tí ọwọ́ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fi dè é nìyí:

Bí irin bá yọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 5: kílò 1.25.
Bó bá yọ ní sẹ̀ǹtímítà 10: bíi kílò 2.9.
Bó bá yọ ní sẹ̀ǹtímítà 15: kílò 5.
Bó bá yọ ní sẹ̀ǹtímítà 20: kílò 8.
Bó bá yọ ní sẹ̀ǹtímítà 25: kílò 12.5.

Ẹ kíyè sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Níbẹ̀, igi ti ní agbára jù wá lọ lórí irinṣẹ́ tiwa fúnra wa. Bí igi bá sì ṣèèṣì kọ́ irin, agbára kílò 10 yẹn lè di ìlọ́po mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí apá tó yára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni pé irin ń tẹ̀. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n igi ń rí i. Bí a bá sọ ìyọsíwájú irin di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Irin tó ń tẹ̀ tó sì ń padà ni ó ń gbọ̀n, tó ń pariwo, tó sì ń fi ìlà ṣákaṣàka sílẹ̀ nínú abọ́. Ó burú jù nínú abọ́ tí a fi igi tó dùbúlẹ̀ gbẹ́, nítorí pé nínú yíyí kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni irin ń bá orí igi pàdé, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàdé. Líle àti rírọ̀ ń tẹ̀ léra wọn láìdúró.

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: ibi tí a ń gé ni kí ibi tí a gbára lé máa tẹ̀ lé. Bí abọ́ bá jìn, irin ìgbáralé gbọ́dọ̀ wọlé lọ bá a.

4. Irú èyí tí a lè yàn

(a) Èyí tó tọ́ gbọọrọ. Ó dára fún ẹ̀yìn abọ́ àti fún àwo tí kò jìn. Fún inú abọ́, ẹ máa lò ó títí tí gọ́ọ̀jì tó nípọn mílímítà 12 yóò fi yọ síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá òmíràn.

(b) Èyí tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Apá kan rẹ̀ ń wọ inú abọ́, ó sì ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ láti etí dé ìsàlẹ̀. Òun ni ó yẹ abọ́ tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì jìn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Apá tó wọ inú abọ́ ti jìnnà sí ẹsẹ̀ tó gbé e dúró, nítorí náà ẹrù tó kúrò lára irinṣẹ́ ti bọ́ sára irin ìgbáralé. A kàn sún ẹrù náà síbòmíràn ni, kò lọ. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́, òun náà á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa fẹ́ yí nínú ihò. Ọ̀pá tó nípọn mílímítà 25 le ju ti mílímítà 20 lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ó sì le ju ti mílímítà 16 lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú nínípọn kì í ṣe ohun kékeré.

(d) Ibi tí èyíkéyìí kò lè wọ̀. Bí ẹnu abọ́ bá há tó sì jìn bí odó, irin títẹ̀ kò ní rí àyè. Níbẹ̀, ẹ fi irin ìgbáralé tó tọ́ sí ẹnu abọ́, kí ẹ sì yí irinṣẹ́ padà: ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó mílímítà 16 sí 25, kí èèkù rẹ̀ sì gùn dáadáa. Bí irin bá yọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ọwọ́ ẹ̀yìn wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí irin ìgbáralé dípò 30, kílò 5 ìṣáájú yẹn á di kílò 2.5.

5. Bí a ṣe ń ṣe é

Kí ẹ tó lọ bá alágbẹ̀dẹ, ẹ lọ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ẹni tó bá kàn ní òun fẹ́ irin tó tẹ̀, irin tó tẹ̀ ni yóò gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wọn fífẹ̀ ihò tó wà lára ìdí irin lórí léètì. Ihò léètì kan kì í bá ti òmíràn mu. Ẹsẹ̀ irin ìgbáralé gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ pẹ́kípẹ́kí, kó má mì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gé páálí tó bá ìrísí inú abọ́ tí ẹ fẹ́ gbẹ́ mu. Kí ìtẹ̀ náà ṣí díẹ̀ ju ti abọ́ lọ, kí ó lè wúlò fún abọ́ ńlá àti kékeré. Páálí yìí ni ẹ ó fi han alágbẹ̀dẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá ọ̀pá irin róbótó tí inú rẹ̀ kò ní ihò, tó nípọn mílímítà 25, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Alágbẹ̀dẹ á fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n dáadáa, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan róbótó tó bá páálí yín mu. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má tì í bọ omi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀gá iṣẹ́ ni: ẹ kọ́kọ́ kí i ní “Sannu da aiki, Malam,” kí ẹ tó tẹ́ páálí yín sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣírò gíga ẹsẹ̀. Ojú òkè irin ìgbáralé gbọ́dọ̀ lè wà nísàlẹ̀ àárín léètì ní ìwọ̀n bíi sísanra irinṣẹ́, kí ẹnu irinṣẹ́ lè bọ́ sí àárín gan-an. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pá mílímítà 25 ti gba àyè tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gùn jù, kò ní sọ̀ kalẹ̀ tó. Bó bá kúrú jù, díẹ̀ ni yóò kù nínú ihò. Ó kéré tán, kí sẹ̀ǹtímítà 5 wà nínú ihò nígbà iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wẹ́dà á jó ẹsẹ̀ náà mọ́ ọn yí ká. Kí ó wà nítòsí ibi tí ìtẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìkángun, kí apá tó wọ inú abọ́ má bàa gùn jù lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi fáìlì ha ojú òkè rẹ̀, kí ẹ fi bébà oníyanrìn dán an. Ibi tó bá ní ọgbẹ́ ni irinṣẹ́ á ti máa fò. Ẹ fi àbẹ́là pa á kí irinṣẹ́ lè máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ gbé e sórí léètì tí kò tan, ẹ dè é, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìkángun rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Bó bá mì tàbí bó bá yí, kò tíì ṣeé lò.

6. Irin tí a kò gbọ́dọ̀ lò

Àwọn irin àlòkù pọ̀ nílùú, wọ́n sì dínwó, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló dára. Ọ̀pá ṣáàfùtì ọkọ̀ le dáadáa, kìkì pé jíjó rẹ̀ mọ́ irin mìíràn nílò ọ̀gá, nítorí ó lè fọ́ níbi tí wọ́n jó bó bá tètè tutù. Irin tí àwọn bíríkìlà ń lò ní ẹ̀gún lára, irinṣẹ́ kò ní yọ̀ lórí rẹ̀. Páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò léwu: bí iná bá kàn án, èéfín síǹkì yóò jáde, ẹni tó bá fà á símú lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tó ní ibà. Yàtọ̀ sí èyí, ihò inú rẹ̀ kò jẹ́ kó le tó.

Èyí tó léwu jù ni ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ń dán, ó sì wu ènìyàn. Ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn ní gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi iná gé e, ó lè bú gbàù. Kúrómù tó ń dán lára ọ̀pá náà sì ń mú èéfín olóró jáde bó bá gbóná. Ẹ fi í sílẹ̀.

7. Bí a ṣe ń lò ó

Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1967 pé ìpele mẹ́rin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń tẹ̀ lé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Wọn kì í fo ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ọgbọ́n yìí wá sídìí léètì: bí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí ìpele mìíràn, kí irin ìgbáralé náà kúrò níbi tó wà.

Ẹ pa léètì kí ẹ tó sún un. Kò sí ìkánjú tó tó èyí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi ọwọ́ yí abọ́ ní odindi yíyí kan kí ẹ rí i pé kò kan irin níbì kankan, kí ẹ tó tan iná.

Èyí ṣe pàtàkì ní Sókótó ju ibòmíràn lọ. Igi dóńgóyárò tó kún ìgboro wa dára fún abọ́. Ìdílé kan náà ni òun àti ọ̀gánwó. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ àti ooru ibí ń mú igi gbẹ kíákíá. Abọ́ tí a gbẹ́ nígbà tí igi tutù, tí a fi sílẹ̀ kó gbẹ, kì í róbótó mọ́ bó bá padà dé orí léètì. Ó ti gùn bí ẹyin. Etí rẹ̀ á jìnnà sí irin níbì kan, á sì gbá irin níbòmíràn. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo kó tó tan iná ti fi ara rẹ̀ wewu.

Gọ́ọ̀jì: láti etí lọ sí àárín ni kí ẹ máa gbẹ́ inú abọ́, kí ẹ̀yìn ẹnu irin kọ́kọ́ kan igi kí ẹnu rẹ̀ tó gé. Irin ìfági: nínú abọ́, kí ẹnu rẹ̀ ga díẹ̀ ju àárín lọ. Bí igi bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, àyè òfìfo ló máa bọ́ sí. Ní ẹ̀yìn abọ́, kí ó wà ní àárín tàbí nísàlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ fi ìbojú aláwò bo gbogbo ojú, kì í ṣe ẹyinjú nìkan. Ẹ ká apá aṣọ, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ẹ di ìborùn àti hìjáàbù mọ́ra pinpin. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì, nítorí igi tó bá gbá ìbọ̀wọ́ mú, ọwọ́ ló ń fà.

8. Ìbéèrè fún ìdánrawò

(i) Irinṣẹ́ kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 láti ẹnu dé ọwọ́ ẹ̀yìn. Ó yọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 12, igi sì ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú kílò 10. Kílò mélòó ni ọwọ́ ẹ̀yìn ń gbé?
(ii) Bí a bá dín ìyọsíwájú irin kù láti sẹ̀ǹtímítà 18 sí 6, ìlọ́po mélòó ni títẹ̀ rẹ̀ fi dín kù?
(iii) Kí ló dé tí irin ìgbáralé tó tẹ̀ fi gbọ́dọ̀ nípọn ju èyí tó tọ́ lọ?

Ìdáhùn: (i) Kílò 2.5. (ii) Ìlọ́po mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. (iii) Nítorí apá tó wọ inú abọ́ jìnnà sí ẹsẹ̀ tó gbé e dúró, ẹrù irinṣẹ́ sì ti bọ́ sára rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè mìíràn lè mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ má gbàgbé páálí yín. Ọlọ́run á ṣọ́ ọwọ́ wa o.